Bí ẹ ṣe lè kọ́ ẹ̀kọ́ àwùjọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn Quaker

Tíṣà Yorùbá tó bá ń wá iṣẹ́ ní Philadelphia, Maryland tàbí New York kò ní pẹ́ rí ìpolówó láti ilé ẹ̀kọ́ tó ní “Friends” nínú orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀rẹ́, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Quaker, ló dá irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni. Òbí ló ń sanwó, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣètò ohun tí wọ́n máa kọ́. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ìtàn, ìmọ̀ ìjọba àti ẹ̀kọ́ àwùjọ lápapọ̀ níbẹ̀, láti kíláàsì 9 dé 12, ìyẹn àwọn ọmọ bí ọdún 14 sí 18.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin láti ìbẹ̀rẹ̀: nílé ẹ̀kọ́ Quaker, ìbéèrè ni irinṣẹ́ tíṣà. Bí ẹ bá ti pinnu ibi tí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó jókòó, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, bó ti wù kí ìmọ̀ yín jinlẹ̀ tó. Àwa tí tíṣà pe nóòtì fún, tí a kọ ọ́ sílẹ̀, tí a sì dá a padà fún un lọ́jọ́ ìdánwò, ìyípadà yìí kì í rọ̀ wá lọ́rùn. Ó ṣeé kọ́, àmọ́ ó gba ètò.

Kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé

Ẹ mọ àwọn tó ni ilé ná. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní àárín ọ̀rúndún 17. George Fox, ọmọ ahunṣọ tó kọ́ṣẹ́ bàtà, ń wàásù kiri pé ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wà nínú gbogbo èèyàn, nítorí náà kò sídìí tí èèyàn fi ní láti gba ọ̀dọ̀ àlùfáà kó tó gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Àwọn tó tẹ̀ lé e kì í ṣí fìlà fún ọlọ́lá, wọn kì í búra ní kóòtù, wọn kì í sì í gbé idà. Wọ́n ń bá adájọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ ṣe ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rẹ́wọ̀n he nítorí rẹ̀. Ní 1681, Ọba Charles Kejì fún William Penn, tó jẹ́ Quaker, ní ilẹ̀ tó wá di Pennsylvania, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn kó lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ tí wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. William Penn Charter School ní Philadelphia ka 1689 sí ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Friends Seminary ní New York bẹ̀rẹ̀ ní 1786, Westtown ní 1799, Sidwell Friends ní Washington ní 1883, George School ní 1893. Friends Council on Education, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1931, ló so ọ̀pọ̀ wọn pọ̀, ó sì máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tíṣà tí àṣà Quaker ṣì ṣàjèjì sí. Bí wọ́n bá fi í lọ̀ yín, ẹ lọ. Ẹ kò ní láti di Quaker: púpọ̀ jù lọ àwọn ọmọ àti tíṣà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe Quaker.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ jókòó sí ìjọsìn wọn. Ní agbègbè Philadelphia, kò sí pásítọ̀, kò sí orin, kò sí àga ìwàásù. Àwọn èèyàn jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n dákẹ́ fún bíi wákàtí kan. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo lọ́kàn ẹnì kan, á dìde, á sọ ọ́ ní ṣókí, á jókòó, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ á tún bo gbogbo ilé. Nígbà tó bá parí, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ìlù àti agogo ìjọ Aládùúrà dàgbà lè kọ́kọ́ rò pé ìsìn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí ń kó gbogbo ọmọ jọ ṣe irú ìjọsìn yẹn, inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn náà sì ni ọ̀nà ìkọ́ni tí mò ń bọ̀ wá sọ ti jáde.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà. Ní púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, orúkọ gan-an lọmọ fi ń pe tíṣà, láìsí Ọ̀gbẹ́ni tàbí Màdáàmù níwájú rẹ̀. Yorùbá tí ọmọ ọdún 15 bá fi orúkọ pè ní gbangba, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Ẹ má kà á sí àrífín. Ibi tí àìṣífìlà ti wá ló ti wá: wọn kò fẹ́ kí oyè gbé ẹnì kan ga ju ẹnì kejì lọ. Ohun tó tọ́ sí yín ni kí wọ́n pe orúkọ yín bó ṣe yẹ. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tòun ti àmì ohùn, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pè é, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni gé e kúrú láìgbàṣẹ. Ní ti ọ̀wọ̀, ẹ máa wò ó lára bí ọmọ ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀ àti bó ṣe ń múra iṣẹ́ rẹ̀.

Ètò ọdún: ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè

Àìsí sílábọ́ọ̀sì ìjọba ń ṣi àwọn kan lọ́nà. Wọ́n á fi oṣù méjì sórí ohun tó wù wọ́n, nígbà tí ọdún bá fẹ́ parí wọ́n á máa sáré. Ẹ lọ bá olórí ẹ̀ka yín, ẹ béèrè ohun tí àwọn ọmọ ti kọ́ lọ́dún tó kọjá, ohun tí kíláàsì tó ń bọ̀ máa béèrè lọ́wọ́ wọn, àti àwọn ìwé tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìbéèrè ńlá bíi márùn-ún tí gbogbo ọdún máa rọ̀ mọ́.

Àwọn Quaker ní irú ìbéèrè kan tí wọ́n ń kà sí ara wọn létí nínú ìpàdé, tí ẹnikẹ́ni kò ní láti dáhùn lójú ẹsẹ̀. Èèyàn máa gbé e lọ sílé, á máa rò ó. Mo máa pè é ní ìbéèrè àṣàrò. Ẹ gba ìwé ìlànà ìgbàgbọ́ àti ìṣe tí ìpàdé ọdọọdún wọn, ìyẹn ìpàdé gbogbo Quaker agbègbè kan, ń tẹ̀ jáde, ẹ ka àwọn ìbéèrè inú rẹ̀ kí etí yín mọ bí wọ́n ṣe ń dún, kí ẹ wá kọ tiyín.

Ẹ wo àpẹẹrẹ. “Ṣé òwò ẹrú burú?” kò wúlò, kò sí ọmọ tó máa sọ pé rárá. “Kí ló dé tí àwọn Quaker fi lòdì sí òwò ẹrú?” léwu ju ìyẹn lọ, nítorí irọ́ wà nínú ikùn rẹ̀: fún ohun tó lé ní 80 ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lòdì sí i. Ìbéèrè tó lè gbé kíláàsì ró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé: “Báwo ni àwọn tó gbà pé ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wà nínú gbogbo èèyàn ṣe ń ra èèyàn, kí ló sì yí wọn lọ́kàn padà?” Ìbéèrè yìí ní ẹ̀rí tí ọmọ lè wá lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Ẹ̀yin fúnra yín kò tíì dáhùn rẹ̀ tán. Bí ìbéèrè yín kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tún un kọ.

Ẹ̀kọ́ kan ní kíkún: láti 1688 dé 1776

Mo máa fara balẹ̀ síbí, nítorí bí ẹ bá lè kọ́ èyí dáadáa, ẹ̀ẹ́ lè kọ́ ìyókù.

Ní 1688, ọkùnrin mẹ́rin ní Germantown, tó ti di ara Philadelphia báyìí, kọ ìwé kan láti fi tako òwò ẹrú: Francis Daniel Pastorius, Garret Hendericks, àti tẹ̀gbọ́n tàbúrò Derick àti Abraham op den Graeff. Ará Jámánì àti Netherlands ni wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò já gaara, ìwé náà kò sì gùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní odindi fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi nọ́ńbà sí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má sọ ìtàn kankan ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sínú lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì kà á sókè lẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan gbólóhùn kan. Kí kálukú fàlà sábẹ́ ibi tó gún un lọ́kàn. Àwọn kan máa mú ibi tó ti sọ pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ kí wọ́n ṣe sí òun ni kó ṣe sí ẹlòmíràn, láìwo àwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró de ẹni tó máa rí ibi tí àwọn mẹ́rin yìí ti béèrè pé, bí àwọn ẹrú bá dìde láti gba ara wọn sílẹ̀, ṣé àwọn ọ̀gá wọn máa gbé idà sí wọn? Ṣé àwọn ẹrú náà kò ní ẹ̀tọ́ láti jà fún òmìnira wọn tó bí ọ̀gá wọn ṣe ní ẹ̀tọ́ láti sọ wọ́n dẹrú? Àwọn tó kọ èyí gbà pé ogun kò dára. Ọmọ tó bá rí ìtakora yẹn fúnra rẹ̀ kò ní gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún un, ó di nóòtì.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ tọ ipasẹ̀ ìwé náà. Ìpàdé oṣooṣù, ìyẹn ti àdúgbò, gbà á, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà tóbi ju àwọn lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàdé olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní Philadelphia, àwọn náà ní kò tọ́ sí àwọn láti dá. Ó dé ìpàdé ọdọọdún ní Burlington, New Jersey, wọ́n gbé e tì. Ìdáhùn ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju ìlà díẹ̀ lọ, ẹ fún wọn kà. Ẹ béèrè pé: kí ló ń ba ìpàdé kọ̀ọ̀kan lẹ́rù? Ìwé náà sọnù títí di 1844, ó tún sọnù, wọ́n tún rí i ní 2005 nínú ìyẹ̀wù ìpamọ́ ní ilé ìpàdé Arch Street ní Philadelphia. Ó tó kí ẹ bi wọ́n léèrè bí ìwé tó ṣe pàtàkì tó báyìí ṣe ń sọnù lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan. William Penn fúnra rẹ̀ ní ẹrú. Benjamin Lay, ọkùnrin kúkúrú tó le bí òkúta, dìde nínú ìpàdé Burlington ní 1738, ó fi idà gún ìwé kan tó ti fi àpò oje èso pupa sínú rẹ̀, oje náà sì ta bí ẹ̀jẹ̀ sára àwọn tó wà nítòsí. Wọ́n ti yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. John Woolman gba ọ̀nà pẹ̀lẹ́: ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bá àwọn tó ní ẹrú sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Anthony Benezet, tíṣà bíi tiwa, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ lálẹ́ nínú ilé rẹ̀ láti 1750, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá fún wọn sì ṣí ní 1770. Ní 1758, Ìpàdé Ọdọọdún Philadelphia yọ ọwọ́ ẹni tó bá ń ra ẹrú tàbí tó ń tà á kúrò nínú ètò ìpàdé. Ní 1776, wọ́n ní Quaker kankan kò gbọ́dọ̀ ní ẹrú mọ́. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni láti fi ẹ̀rí sọ bí ọ̀nà ẹni tiwọn ṣe mú ọdún 1776 súnmọ́ tòsí tàbí bí kò ṣe mú un. Wọ́n máa jiyàn gidi lórí Lay àti Woolman. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn.

Ẹ má parí rẹ̀ sí 1776, nítorí ó máa dà bí ìtàn ayọ̀. Sarah Mapps Douglass, obìnrin adúláwọ̀ tó jẹ́ tíṣà ní Philadelphia, kọ̀wé ní ọ̀rúndún 19 nípa bẹ́ńṣì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ilé ìpàdé Arch Street, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ti ń jọ́sìn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Quaker kò sì gba ọmọ adúláwọ̀ títí di ọ̀rúndún 20. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹ béèrè ọdún tí tiyín bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n àti àríyànjiyàn tó wáyé nípa rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mọ̀. Wọn kì í sábà kọ̀, nítorí òtítọ́ sísọ wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn dúró lé.

Bí ẹ bá wà nítòsí, ẹ kó wọn lọ sí Arch Street. Wọ́n kọ́ ilé náà ní 1804, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti ibẹ̀ dé Independence Hall. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì níbẹ̀ kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ Douglass.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta. Ẹ má ṣe eré ọkọ̀ ẹrú tàbí ọjà ẹrú ní kíláàsì láé. Ó ń dá ọgbẹ́ sí ọmọ kan lára, ó sì ń di eré lójú ọmọ mìíràn. Ẹ má yíjú sí ọmọ adúláwọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ bí ẹni pé òun ló máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo aláwọ̀ dúdú. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi ẹ̀yin náà ṣe agbẹnusọ Áfíríkà. Bí wọ́n bá bi yín nípa Yorùbá, ẹ sọ ohun tó jẹ́ òtítọ́: Brazil àti Cuba ni wọ́n kó púpọ̀ jù nínú àwọn èèyàn wa lọ, pàápàá nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wó lọ, kì í ṣe Pennsylvania.

Ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà náà ń béèrè òtítọ́ yìí kan náà. Penn lórúkọ rere lọ́dọ̀ àwọn Lenape, àmọ́ ní 1737 àwọn ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀tàn gba ilẹ̀ ńlá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n háyà àwọn eléré sísá láti sáré la ilẹ̀ tí àdéhùn ní kí èèyàn fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ kan àtààbọ̀. Láti 1869, lábẹ́ Ààrẹ Grant, ìjọba fa ọ̀pọ̀ ibùdó àwọn ọmọ onílẹ̀ lé Quaker lọ́wọ́, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gba èdè lẹ́nu àwọn ọmọ. Ẹni tí wọ́n nà rí torí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì á tètè mọ bí ìyẹn ṣe rí.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ìjíròrò

Ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Àwọn ọmọ tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn tuntun máa rẹ́rìn-ín. Ẹ má bá wọn wí. Ẹ ṣàlàyé pé ó wà kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì ìṣirò lè rọlẹ̀ lọ́kàn wọn, kí ẹ̀yin náà sì dákẹ́ ní tòótọ́, láìfi ìṣẹ́jú yẹn tẹ fóònù tàbí wá ìwé. Kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ má di ìyà láé. Tíṣà tó bá fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ ọmọ níyà lọ́jọ́ Ajé ti ba ìjọsìn ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ́ fún un.

Tí ẹ bá béèrè ìbéèrè, ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn yín kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀. Ó gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn tó máa ń yára nawọ́ á ti sọ tiwọn, ìgbà náà ni ọmọ tó ń rò ó jinlẹ̀ á tó ya ẹnu.

Fún ọ̀rọ̀ tó wúwo, bí ogun tàbí ìbò tó pín ìlú sí méjì, ìlànà kan wà tí àwọn Quaker ń lò. Ẹ to àga yípo, ẹ kọ ìbéèrè àṣàrò kan sójú pátákó. Kálukú á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ lẹ́ẹ̀kejì. Á sọ látinú ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀, kò ní fèsì sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ilé dákẹ́ díẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lè fò ó. Ogún ìṣẹ́jú tó.

Àmọ́ ẹ má lò ó fún ohun gbogbo. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ ti ẹ̀rí, àríyànjiyàn ló yẹ: “Ìlà 14 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ka ìlà 20.” Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, lójú tèmi, ni pé wọ́n máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bo èdèkòyédè mọ́lẹ̀, wọ́n á sì pè é ní àlàáfíà. Ọmọ tí kò bá rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n takora pẹ̀lú ẹ̀rí, tí wọ́n sì tún ń kíra wọn lẹ́yìn rẹ̀, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nínú ìjọba tiwa-n-tiwa.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìpinnu láìdìbò

Ìdìbò kò sí nínú ìpàdé Quaker. Akọ̀wé ìpàdé ló ń darí rẹ̀. Ó ń fetí sílẹ̀ títí yóò fi mọ ibi tí ọkàn ìpàdé wà, á sọ ọ́ jáde, á béèrè bóyá òun gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n á kọ ìpinnu náà sílẹ̀, wọ́n á kà á sókè níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn tó sì fẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú, wọ́n á gbé e dé ìpàdé mìíràn.

Nínú kíláàsì ìmọ̀ ìjọba, ẹ fún àwọn ọmọ ní ohun gidi láti pinnu báyìí: ọjọ́ tí àròkọ ńlá máa wọlé, tàbí bí wọ́n ṣe máa ná owó kékeré tó wà fún kíláàsì. Kí ọmọ kan ṣe akọ̀wé ìpàdé, kí òmíràn máa kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí. Kí ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn. Ó máa pẹ́, inú á bí àwọn kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìbò lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà, kí wọ́n wá kọ̀wé: ta ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gbọ́ ohùn rẹ̀, ta ló tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ló náni? Ibẹ̀ ni ẹ ti máa wọ ọ̀rọ̀ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, níbi tí sẹ́nétọ̀ díẹ̀ ti lè dá òfin dúró. Wọ́n máa rí i pé àìdìbò lè fún ẹni tó kéré lágbára, ó sì lè fún alágídí náà.

Ìwé òfin Amẹ́ríkà pàápàá ní ipa Quaker lára. Ó ní kí ààrẹ búra tàbí kó jẹ́ẹ̀jẹ́ láìbúra, nítorí àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò gba ìbúra láàyè. Ẹ fi ìyẹn kún ẹjọ́ Tinker. Ní 1965, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Des Moines so ọ̀já dúdú mọ́ apá láti fi ṣọ̀fọ̀ àwọn tó kú ní Vietnam. Bàbá John àti Mary Beth Tinker ń ṣiṣẹ́ fún AFSC, àjọ ìrànwọ́ àwọn Quaker. Ilé ẹ̀kọ́ lé wọn sílé. Ní 1969, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá wọn láre, adájọ́ 7 sí 2. Ọmọ kan máa béèrè bóyá ẹjọ́ yẹn dáàbò bo òun náà. Ìdáhùn ni pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló dè, kò de aládàáni. Ohun tó kàn láti béèrè ni: kí ni ilé ẹ̀kọ́ wa ti ṣèlérí fúnra rẹ̀? Ẹ fi ìwé òfin ilé ẹ̀kọ́ lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n wá a.

Kí àlàáfíà má di àdúà lásán lẹ́nu wọn, ẹ fi èèyàn méjì síwájú wọn. Bayard Rustin, Quaker láti West Chester, tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé ó kọ̀ láti wọṣẹ́ ológun, ló ṣètò ìwọ́de ńlá Washington ní 1963. Richard Nixon, tí ìdílé Quaker tọ́ dàgbà, ló ń darí ogun Vietnam láti 1969.

Àwọn ẹ̀kọ́ tó kan ilé wa

Mẹ́ta ni mo mọ̀ tí ìtàn Quaker fi kan wa ní tààrà, mo sì gbà yín níyànjú kí ẹ kọ́ wọn.

Ti kókó ló dùn kọ́ jù. Ìdílé Quaker ni ìdílé Cadbury tó dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Bournvita tí a mu dàgbà sílẹ̀. Láti 1901 ni wọ́n ti ń gbọ́ pé bí ẹrú ni wọ́n ṣe ń kó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kókó ní São Tomé, erékùṣù tó wà lábẹ́ Potogí nígbà náà. Wọ́n ṣèwádìí, wọ́n kọ̀wé, wọ́n bá ìjọba sọ̀rọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń ra kókó náà títí di 1909 kí wọ́n tó dẹ́kun. Ìwé ìròyìn Standard pè wọ́n ní alágàbàgebè. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, wọ́n jàre, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tó bá kóòtù dá ẹjọ́ náà ní kí wọ́n gba ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ́nì péré gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Ẹ bi kíláàsì pé: kí ni àwọn ìgbìmọ̀ yẹn fẹ́ fi iye owó yẹn sọ? Kí ló yẹ kí wọ́n ti ṣe ní 1901? Àwọn ọmọ á fúnra wọn béèrè nípa ṣokoléètì tó wà nínú báàgì wọn.

Èkejì ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà, 1967 sí 1970. Àwọn Quaker mẹ́ta, Adam Curle, Walter Martin àti John Volkmar, ń lọ ń bọ̀ láàárín Gowon àti Ojukwu, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ látọ̀dọ̀ ẹnì kìíní sọ́dọ̀ ẹnì kejì láìpariwo. Wọn kò dá ogun náà dúró. Ó dára fún kíláàsì 12: báwo lèèyàn ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ alárinà tí ogun ṣì jà dópin lójú rẹ̀? Bí ọmọ Igbo tàbí Yorùbá bá wà níbẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́ kí ẹ̀kọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bàbá rẹ̀ àgbà wà ní ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta kúrú. Hannah Kilham, tíṣà Quaker, lọ bá àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ ẹrú ní Sierra Leone, ó kọ ọ̀rọ̀ láti ẹnu wọn sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1828. Èdè àwọn Àkú, ìyẹn Yorùbá, wà níbẹ̀, ọdún 15 kí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Ajayi Crowther tó jáde. Ó wúlò láti fi kọ́ wọn bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò: ta ló sọ̀rọ̀, ta ló kọ ọ́, kí ló ṣubú sáàárín wọn?

Máàkì, òbí àti èrò tiyín

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Quaker ń fẹ́ kí tíṣà kọ ọ̀rọ̀ gígùn nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí máàkì. Ẹ má kọ “Ó ń gbìyànjú, kó tẹra mọ́ ọn.” Ẹ kọ ohun tí ẹ rí: “Nínú àròkọ rẹ̀ lórí Woolman, ó fi ẹ̀rí méjì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò fèsì sí ẹni tó sọ pé Lay ló ṣe jù. Ohun tó kàn nìyẹn.” Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ irú nǹkan báyìí sí lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá dúró di òpin táàmù, ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo wọn.

Àwọn ọmọ máa bi yín pé ta lẹ dìbò fún. Tèmi ni pé n kì í sọ, mo sì máa ń sọ ìdí rẹ̀: máàkì wọn wà lọ́wọ́ mi, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kọ ohun tó rò pé mo fẹ́ kà. Àmọ́ ibi tí ẹ̀rí bá ti fìdí múlẹ̀, n kì í ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ní ti òbí, ẹ múra sílẹ̀ dáadáa fún àwọn tiwa. Òbí tó ti Nàìjíríà wá, tó ń ṣe iṣẹ́ méjì kó lè san owó ilé ẹ̀kọ́, máa fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ fi ń jókòó dákẹ́ ní kíláàsì, àti ibi tí nóòtì wà. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ńlá dá a lóhùn. Ẹ mú àròkọ ọmọ náà ti oṣù kẹsàn-án àti ti oṣù kejìlá, ẹ tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, ẹ fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ọmọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rí jiyàn, kí ẹ sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹ béèrè ohun tí òun náà ń rí nílé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀.